Páíráìtì inú Èédú: Ṣé Ìdọ̀tí ni Nínú Sísọ Èédú di Epo?

Àpilẹ̀kọ kan tó jáde láìpẹ́ yìí fọwọ́ sọ̀yà pé eérú lásán ni gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì inú èédú ilẹ̀, pé kí a fọ̀ ọ́ dànù pátápátá kí a tó sọ èédú di epo. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, ìtàn iṣẹ́ yìí gan-an ló sì takò ó.

Ọ̀nà méjèèjì tí a ń gbà sọ èédú di epo kò ṣàjèjì sí òǹkàwé wa: ti Bergius (1913), tó ń ti háídírójìn wọ inú èédú tààrà, àti ti Fischer àti Tropsch (1925), tó ń kọ́kọ́ sọ èédú di gáàsì. Ní ti èkejì, mo gbà pẹ̀lú akẹgbẹ́ mi tó kọ àpilẹ̀kọ náà: imí-ọjọ́ a máa ba kátálíìsì, ohun tó ń mú iṣẹ́ yá, jẹ́, ìbáà ṣe irin tàbí kóbáltì. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé ó kó òfin ibẹ̀ wá sí ti Bergius.

Ohun tí ó fò dá ni pé ohun tí àlùmọ́ọ́nì jẹ́ nínú ilẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tó ń dà nínú ìkòkò irin. Páíráìtì ni irin kan pẹ̀lú imí-ọjọ́ méjì. Bí ooru bá tó nǹkan bí 400°C, tí háídírójìn sì ń fún un mọ́lẹ̀ gidigidi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì imí-ọjọ́ náà tó máa já kúrò, tí yóò bá háídírójìn lọ di gáàsì. Ohun tó ṣẹ́kù ni pírótáìtì, tí àyè irin díẹ̀ ṣófo nínú rẹ̀. Òun àti gáàsì yẹn ni kí a bi léèrè iṣẹ́. Ẹni tó wọn páíráìtì nínú èédú tútù, tó tún wọn eérú lẹ́yìn iṣẹ́, kò tíì wọn ohun tó ṣiṣẹ́ láàárín.

Ẹ̀rí kò wọ́n. Nínú ọ̀nà ti Bergius, àwọn ará Jámánì fi pàǹtí pupa ṣe kátálíìsì, èyí tó kún fún irin, tó ń ṣẹ́kù nídìí iṣẹ́ alumíníọ̀mù. Ní Fort Lewis, ní ìpínlẹ̀ Washington, àwọn oníṣẹ́ SRC-II, ọ̀nà kan tó ń sọ èédú di epo tààrà, mọ̀ọ́mọ̀ dá apá kan àdàlú tó jáde padà sínú ìkòkò nígbà kan rí, kí àlùmọ́ọ́nì èédú fúnra rẹ̀ lè pọ̀ níbẹ̀. Kátálíìsì onírin ni ilé-iṣẹ́ Shenhua náà lò ní Ordos, ní Ṣáínà, ní 2008.

N kò sọ pé gbogbo àlùmọ́ọ́nì ló dára. Iyanrìn kò ṣe nǹkan kan tó ṣe gbòógì; kálísíọ̀mù inú èédú tí kò tíì gbó a máa dì gbagidi, a sì máa dí ìkòkò. Ó jọ pé, ó kéré tán, a kò gbọdọ̀ ka páíráìtì mọ́ wọn.

Èyí ló gbé mi dé orí èédú Enugu, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà ní 1915. Imí-ọjọ́ inú rẹ̀ kéré. Bí a bá fi irin kún un láìfi imí-ọjọ́ kún un, níbo ni pírótáìtì yóò ti wá? Ìwádìí tí mo dojú kọ báyìí nìyẹn. Mo rọ ẹnikẹ́ni tí èédú Enugu bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ó wọn irin àti imí-ọjọ́ inú rẹ̀ ná, kí ó tó fọ̀ ọ́.