Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ẹ̀kọ́ Àkọ́kọ́ àti Ìmọ̀ Òwò ní Ìbàdàn láti 1944

Ìfáàrà
Láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń gbé Challenge ní Ìbàdàn, ìbéèrè kan kì í tán nílẹ̀: ẹni tí ó kọ́ ìtàn tàbí èdè ní yunifásítì, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ó tún lọ gba oyè kejì nínú ìmọ̀ òwò? Lójú òbí mìíràn, ọdún àkọ́kọ́ ti ṣòfò nìyẹn. Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìtàn ìlú yìí kò ti irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn; ṣùgbọ́n kò sọ pé ọ̀nà náà rọrùn.

Àpẹẹrẹ Awólọ́wọ̀
Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ẹni tí ó ní ilé ní Òkè-Àdó, ti ṣe akọ̀wé, oníròyìn àti oníṣòwò irè oko kí ó tó gba oyè ìmọ̀ òwò ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1944. Nílé ni ó wà tí ó fi kà á. Lọ́dún kan náà ni ó ré òkun lọ kọ́ òfin, ó sì di lọ́yà ní 1946. Ìmọ̀ kan kò lé èkejì jáde.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn
Nígbà tí a dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì sílẹ̀ ní 1948, ẹ̀kọ́ èdè àti àṣà, ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ ìṣègùn ni a fi bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹ̀ka òwò. Síbẹ̀, Gamaliel Onosode, tí ó kọ́ ìmọ̀ Gíríìkì àti Látìn níbẹ̀, di alága Cadbury Nigeria. Felix Ohiwerei, tí ó kọ́ ìmọ̀ jọ́gíráfì, di ọ̀gá àgbà Nigerian Breweries.

Kí ni ó ṣí ọ̀nà? Àwọn tí ó gboyè kò pọ̀ nígbà náà, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá sì ń wá ọmọ Nàìjíríà tí yóò gba ipò Òyìnbó. Nítorí náà, inú iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ ti kọ́ òwò, owó ilé-iṣẹ́ ni a sì fi kọ́ wọn. Òfin 1972 àti ti 1977, tí ó fi ìpín òwò lé ọmọ ìbílẹ̀ lọ́wọ́, tún mú kí a nílò irú wọn sí i.

Ìkádìí
Lónìí, àwọn tí ó gboyè ti pọ̀. Ohun tí ilé-iṣẹ́ ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà náà ni akẹ́kọ̀ọ́ ń fi owó ara rẹ̀ rà nísinsìnyí, lábẹ́ orúkọ oyè MBA. Láti ìgbà tí Harvard ti bẹ̀rẹ̀ oyè náà ní 1908 ni ó ti ń gba ẹni tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ mìíràn tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ ìtàn ni ìdínà. Ìṣirò àti ìwé owó tí akẹ́kọ̀ọ́ kò tíì mọ̀ ni kí ó tètè kọ́, kí ìdílé sì jíròrò lórí ẹni tí yóò san owó náà. Ibẹ̀ gan-an ni ìgbà wa ti yàtọ̀ sí ìgbà àwọn tí ó ṣáájú wa.