Olójú Kan Lórí Kẹ̀kẹ́ Ẹṣin

Olójú kan kì í tàkìtì òró. Bí àgbà bá pa òwe yìí, ìkìlọ̀ ló fi ń ṣe fún ẹni tó fẹ́ dáwọ́ lé ohun tó ju agbára rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn ti fa òwe náà gùn ju bó ti yẹ lọ. Lójú tiwọn, ẹni tí ojú rẹ̀ kan bá ti fọ́, kó yáa jókòó sílé, kó fi gbogbo iṣẹ́ eléwu sílẹ̀ fún olójú méjì. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Tàkìtì ni òwe dárúkọ, ti òró sì ni, èyí tí èèyàn ń ta láti orí ìdúró, láìsáré, láìfọwọ́ kan ilẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ti kúrò nílẹ̀ báyìí, ó di ọwọ́ Olúwa. Bí èèyàn bá ṣìrò, kò sí ibi tó ti lè tún un ṣe kó tó balẹ̀. Òwe kò ní kí olójú kan má rìn létí gegele, kò ní kó má gun ẹṣin. Ohun tó kà léèwọ̀ fún un ni iṣẹ́ tí kì í fúnni láyè àtúnṣe, ewu iṣẹ́ náà ì báà pọ̀, ì báà kéré.

Ẹ jẹ́ ká fi Charley Parkhurst wò ó. Ọdún 1812 ni wọ́n bí i ní apá àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, àárín àwọn ọmọ òrukàn ló sì ti dàgbà kó tó sá lọ. Ó bọ́ sí ilé ẹṣin, ó ń gbá ìgbẹ́ ẹṣin, ó ń fún wọn lóúnjẹ, títí ó fi di awakẹ̀kẹ́ ẹṣin tó lórúkọ nílùú Providence. Nígbà tí ariwo wúrà ta ní Kalifọ́níà, òun náà bá wọn lọ síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1851. Ọkọ̀ ojú irin kò tíì dé àwọn ibùdó awawúrà nígbà náà. Kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin mẹ́rin tàbí mẹ́fà ń fà ló ń kó èrò, lẹ́tà àti àpótí wúrà gba orí òkè kọjá. Níbẹ̀ ni ẹṣin kan ti ta á nípàá lójú òsì. Ojú náà lọ. Charley fi awọ dúdú bò ó, wọ́n sọ ọ́ ní Charley Olójú Kan, ó sì gun orí ìjókòó awakọ̀ padà fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i. Nígbà tó kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Watsonville ní oṣù Kejìlá ọdún 1879, àwọn tó fẹ́ tọ́jú òkú rẹ̀ rí i pé obìnrin ni ẹni tí gbogbo ayé ti ń pè ní ọkùnrin. Ìròyìn yẹn ni ìwé ìròyìn gbé kiri, òun náà ni wọ́n ṣì ń sọ dòní. Ní tèmi, ọ̀rọ̀ ojú yẹn ni ì bá gba àròjinlẹ̀ jù.

Kí gan-an ni ojú kejì ń ṣe fúnni? Ní ọdún 1838, Charles Wheatstone, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé ohun tí ojú ọ̀tún ń rí yàtọ̀ díẹ̀ sí ti òsì, àti pé ìyàtọ̀ yẹn wà lára ohun tí èèyàn fi ń mọ bí nǹkan ṣe jìnnà sí òun. Ẹni tó bá di ojú kan, kó wá gbìyànjú láti ki òwú bọ abẹ́rẹ́, yóò gbà pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ṣe ń jìnnà ni ìyàtọ̀ náà ń kéré. Bí kọ́nà òkè bá wà lọ́ọ̀ọ́kán, olójú méjì pàápàá ń wo ohun tó dí òmíràn lójú, ó ń wo bí igi ṣe kéré tó lójú òun, ó ń wo bí òkúta etí ọ̀nà ṣe ń sáré kọjá nígbà tí òkè iwájú ń rọra bọ̀. Ojú kan tó gbogbo ìyẹn í rí. Ohun tó sọnù fún Charley ní tòótọ́ ni ẹ̀gbẹ́ òsì, ìyẹn ló sì ń fi orí yíyí wò.

Ojú nìkan kọ́ ló sì ń wa kẹ̀kẹ́. Okùn ìjánu mẹ́fà ló wà lọ́wọ́ ẹni tó ń wa ẹṣin mẹ́fà, mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì, ó sì gba àárín ìka wọlé. Bí ẹṣin iwájú bá fẹ́ yà, ìka ti mọ̀ kí ojú tó rí i. A fa okùn kan díẹ̀, a sì dẹ èkejì. Ẹsẹ̀ wà lórí bíréèkì. Etí ń gbọ́ táyà irin tó ń pariwo lórí ilẹ̀ líle, tí ohùn rẹ̀ sì ń rọlẹ̀ bó bá bọ́ sínú erùpẹ̀ etí ọ̀nà. Àṣìṣe kékeré ń yọjú, a ń tún un ṣe. Òmíràn tún yọjú, a tún un ṣe. Irú iṣẹ́ yìí kọ́ ni tàkìtì òró.

Ẹnì kan lè ní pé ẹ̀mí ara ẹni lèèyàn lè fi ta tẹ́tẹ́, kì í ṣe ẹ̀mí èrò. Òdodo ọ̀rọ̀ ni, ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ dán olúwarẹ̀ wò ká tó gbé èrò fún un. Ohun tí ìjọba Amẹ́ríkà fẹnu kò sí ní ọdún 2022 nìyẹn: wọ́n gba olójú kan láyè láti wa ọkọ̀ ńlá láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn, bí ojú tó kù bá dá ṣáṣá, bí àkókò tó tó bá ti kọjá tó fi mọ́ ọn lára, bó bá yege ìdánwò ojú ọ̀nà, bí dókítà sì ń yẹ ojú náà wò lọ́dọọdún. Ẹlòmíràn á ní Wiley Post ńkọ́, awakọ̀ òfuurufú olójú kan tó dá nìkan fò yí ayé ká ní ọdún 1933, ṣebí ọkọ̀ òfuurufú ló pa á ní Alaska ní 1935? Òun ni, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ló kú bó ṣe ń gbéra. Iṣẹ́ epo rọ̀bì ló ti fọ́ ọ lójú ní 1926, wọ́n sì ní ó kọ́ ojú tó kù ní wíwọn ọ̀nà: á fojú díwọ̀n ibi tí igi kan wà, á wá fẹsẹ̀ kà á.

Àtakò tó le jù ni pé Charley ti mọ ẹṣin dunjú kí ojú tó fọ́, kò sì sí ẹni tó mọ̀ bóyá olójú kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́ṣẹ́ á lè ṣe bíi tirẹ̀. Mo gbà. Ọwọ́ tó ti mọ iṣẹ́ ló gba ojú là, alákọ̀ọ́kọ́ yóò sì pẹ́ kó tó débẹ̀. Àmọ́ èyí fi hàn pé ìrírí ni ká béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, ká tó ka iye ojú rẹ̀. Nígbà tí Charley fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin sílẹ̀ níkẹyìn, làkúrègbé ti wọ̀ ọ́ lára, ọkọ̀ ojú irin sì ti ń gba èrò lọ. Ó lọ dáko, ó tún ń la gẹdú.