Agbára Tó Ń Gbé Bàálù Kékeré Àtijọ́ Fò: Láti Orí Rọ́bà Dé Orí Bátìrì

Ìfáàrà

Bí a bá dárúkọ ìtàn ọkọ̀ òfuurufú, àwọn ọmọ ìyá Wright àti ọdún 1903 ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Ohun tí a gbé yẹ̀ wò nínú bébà yìí kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ: bàálù tí kò gbé ènìyàn, tí ẹni tó dúró nílẹ̀ ń fi rédíò darí. Lóde òní, àwọn kan ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń kan irú bàálù bẹ́ẹ̀ láti inú àwòrán àtijọ́. Ní ti Society of Antique Modelers, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1962, bàálù tí àwòrán rẹ̀ ti jáde kí ọdún 1942 tó parí ni wọ́n ń kà sí ti àtijọ́. Ìbéèrè tó máa ń fa àríyànjiyàn láàárín wọn ni èyí: agbára wo ni kí a fi sí i? Ṣé ẹ́ńjìnnì epo ti ìgbà náà ni, àbí ẹ́ńjìnnì oníná tó ń lo bátìrì? Lójú tiwa, ìbéèrè yìí kan onímọ̀ ìtàn bó ṣe kan oníṣẹ́ ọwọ́. Ohun tí a bá fi sí imú bàálù náà ni yóò sọ bóyá bó ṣe fò láyé ọjọ́un la ń wò, tàbí nǹkan mìíràn tó wọ ẹ̀wù rẹ̀.

Rọ́bà, epo àti ẹrù tó bá epo wá

Rọ́bà tí a lọ́ pọ̀ ni Alphonse Pénaud, ará Faransé, fi gbé bàálù kékeré rẹ̀ fò ní 1871. Rọ́bà fúyẹ́, kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n gbogbo okun rẹ̀ wà níbẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí a bá ti tú u sílẹ̀ tí agbára rẹ̀ fi ń rọ. Síbẹ̀, òun ló jọba nínú ìdíje títí di nǹkan bí 1930. Ní ìlú Philadelphia ni William Brown ti ṣe ẹ́ńjìnnì kékeré kan, Brown Junior, tí agbára rẹ̀ jẹ́ bí ìdá márùn-ún agbára ẹṣin kan, ìyẹn nǹkan bí 150 wáàtì. Ní 1933, Maxwell Bassett fi ẹ́ńjìnnì Brown borí àwọn onírọ́bà nínú ìdíje gbogbogbòò Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ya àwọn ẹlẹ́ńjìnnì sọ́tọ̀.

Ẹ́ńjìnnì yìí kì í dá wá. Púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kò lè tan iná láìsí kọ́ìlì àti bátìrì, bàálù ló sì gbọ́dọ̀ gbé gbogbo wọn. Ìdí pàtàkì nìyí tí àwọn bàálù ìgbà náà fi tóbi tí apá wọn sì gbòòrò. Nígbà tí rédíò dé, ẹrù tún pọ̀ sí i. Bàálù Guff tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Walter àti William Good fò ní Kalamazoo, ìpínlẹ̀ Michigan, ní 1937, ní apá tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 8. Walter kan bàálù, William ṣe rédíò. Ilé Smithsonian ni bàálù náà wà báyìí.

Ní 1947 ni Ray Arden gbé púlọ́ọ̀gì tó ń pọ́n jáde, èyí tí kò nílò kọ́ìlì mọ́. Bátìrì ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ló ń fẹ́, ilẹ̀ ni a sì ń fi bátìrì náà sí. Láti ìgbà náà ni bàálù ti lè kéré kó sì yá.

Ohun tí Taplin rí

Ní 30 oṣù kẹfà ọdún 1957, Ọ̀gágun H. J. Taplin fò bàálù rẹ̀, Radio Queen, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì oníná àti bátìrì onífàdákà àti síǹkì. Òun ni àkọsílẹ̀ kà sí ẹni àkọ́kọ́ tó fi iná gbé bàálù onírédíò fò. Ẹ kíyè sí irú bàálù tó yàn. Kò wá èyí tó kéré tó yá. Bàálù ńlá tó ń rọra fò, tí wọ́n yà fún ẹ́ńjìnnì dísù, ló lò, torí apá gbígbòòrò nìkan ló lè ru bátìrì ìgbà náà. Nítorí náà, àwọn tó ń sọ pé iná jẹ́ àlejò nínú bàálù ńlá ayé àtijọ́ kò ka ìtàn dáadáa. Inú irú bàálù bẹ́ẹ̀ gan-an ni iná ti kọ́kọ́ rí ilé. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù tó gbòde ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn kàn sọ ẹrù náà di fúfúyẹ́ ni.

Yíyàn lónìí

Ká ní bàálù wọn kílò 4. Ìṣirò tí ọ̀pọ̀ ń lò fún irú rẹ̀ kò ju nǹkan bí 100 wáàtì fún kílò kan láti inú bátìrì, ìyẹn 400 wáàtì. Bátìrì onílé mẹ́rin (fóltì 14.8) yóò fa áńpíà 27, onílé mẹ́fà (fóltì 22.2) yóò fa 18 péré, wáyà kò sì ní gbóná púpọ̀. A ti rí ẹni tó fẹ́ fi 1,000 wáàtì sí i nítorí pé ó wà lọ́jà. Igi balsa àti bébà ni wọ́n fi ṣe apá wọ̀nyẹn. Bí eré bá pọ̀ jù, apá á ká.

Abẹ̀bẹ̀ iwájú tún ṣe pàtàkì ju wáàtì lọ. Abẹ̀bẹ̀ gígùn, bí íńṣì 14, tó ń yí jẹ́jẹ́, ló bá imú gbígbòòrò mu. Ẹ́ńjìnnì oníná tó ń sáré yí abẹ̀bẹ̀ kékeré yóò kàn máa fẹ́ atẹ́gùn lu imú bàálù lásán. Nítorí náà, èyí tó ń lọ́ra ṣùgbọ́n tó lágbára ni kí a rà.

Ìwọ̀n ńkọ́? Ẹ́ńjìnnì epo wúwo, ẹ́ńjìnnì oníná kò wúwo tó o. Bí a bá pààrọ̀ wọn lásán, ìrù bàálù á wálẹ̀. Àwọn kan ń fi òjé sí imú, àṣà tí a kò fara mọ́, torí òjé kì í ṣiṣẹ́ kankan. Bátìrì ni kí ó lọ síwájú. Àyè tí àwòrán àtijọ́ fi sílẹ̀ fún kọ́ìlì àti bátìrì púlọ́ọ̀gì, lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì gan-an, sábà máa ń gbà á.

Àwọn tó fẹ́ràn ariwo àti òórùn epo ní ẹjọ́ tiwọn, a kò sì lè sọ pé wọ́n jẹ̀bi: ohun tí etí gbọ́ náà jẹ́ ẹ̀rí ìtàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi bátìrì sí àyè kọ́ìlì kò gé igi kankan kúrò. Bí ọmọ rẹ̀ bá rí Brown Junior kan lọ́jọ́ iwájú, imú bàálù náà ṣì wà bí àwòrán ṣe yà á, yóò sì rí ibi tí yóò fi kọ́ìlì sí.