Òkòtó Inú Ọkọ̀ Ogun Òfurufú

Ẹni tí ó bá dúró ní Àgídìngbì fún wákàtí kan péré yóò rí àwọn ọkọ̀ òfurufú bí wọ́n ti ń rẹlẹ̀ lọ sí pápákọ̀ Ìkẹjà, lókè àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni a la pápákọ̀ náà. Ogun ni ó bí i. Ọ̀rọ̀ ogun òfurufú náà ni a gbé wá lónìí: báwo ni ẹni tí ń fò ṣe ń yìnbọn ba ẹni tí òun náà ń fò?

Ọdẹ tí ó bá ń yìnbọn sí ẹyẹ tí ń fò mọ̀ pé iwájú ẹyẹ ni à ń fojú sùn, kí ẹyẹ àti ọta ìbọn lè pàdé. Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò wò ó. Bí ọ̀tá bá wà ní mítà 300 sí wa, tí ọta ìbọn wa sì ń sáré mítà 750 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, yóò gba ìdá méjì nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kí ọta tó débẹ̀. Bí ọkọ̀ ọ̀tá bá ń gba iwájú wa kọjá ní mítà 150 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, yóò ti fi mítà 60 kúrò níbi tí ó wà nígbà tí a yìnbọn. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ajagun kéékèèké ìgbà náà kò sì gùn ju mítà 10 lọ. Ẹni tí ó bá fojú sun ọkọ̀ náà gan-an yóò tàsé pátápátá.

Awò ìfojúsùn tí wọ́n ń lò nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ dúró gbọin sójú kan. Ó ń fi òrùka ìmọ́lẹ̀ han awakọ̀ lórí dígí iwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n iye tí yóò fi ṣáájú ọ̀tá, awakọ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò méfò. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n méfò kò pọ̀. (Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa náà wà nínú iṣẹ́ yìí: Akin Shenbanjo jẹ́ onírédíò àti ayìnbọn nínú ọkọ̀ Halifax àwọn ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ DFC.)

Ibi yìí ni òkòtó ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ó ta òkòtó rí ní ìgbà èwe mọ̀ pé bí ó bá ti ń pòòyì rányinrànyin, kì í fẹ́ kí ohunkóhun yí ìdúró òun padà. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ta á sórí àwo, kí ẹ sì rọra tẹ àwo náà sí ẹ̀gbẹ́ kan: àwo ni yóò tẹ̀, òkòtó yóò wà lóòró. Jáírósíkópù ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pe tiwọn. Wọ́n so jígí kékeré kan mọ́ ọn, jígí náà sì ni ó ń ju òrùka ìmọ́lẹ̀ sí iwájú awakọ̀. Bí ọkọ̀ bá ń yí tẹ̀lé ọ̀tá, òkòtó kì í fẹ́ yí. Òòfà tí iná mànàmáná ń fún lágbára ni ó ń fà á tẹ̀lé ọkọ̀, a sì máa fà sẹ́yìn díẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ṣe ń yí kíkankíkan tó, bẹ́ẹ̀ ni ìfàsẹ́yìn náà ṣe ń pọ̀ tó.

Ìfàsẹ́yìn yìí gan-an ni ọgbọ́n rẹ̀. Awakọ̀ tí ó bá tiraka láti mú òrùka tí ó fà sẹ́yìn náà wà lórí ọ̀tá ti mú ẹnu ìbọn rẹ̀ ṣáájú ọ̀tá, láìṣe ìṣirò kankan.

Ṣùgbọ́n òkòtó kò mọ bí ọ̀tá ti jìnnà tó. Nítorí náà, awakọ̀ yóò kọ́kọ́ yí ìdíwọ̀n kan sí ìbú ìyẹ́ irú ọkọ̀ tí ó ń lé. Lẹ́yìn èyí, yóò máa lọ́ ohun ìdìmú kan títí àwọn ààmì ìmọ́lẹ̀ mẹ́fà yóò fi yí ọ̀tá ká láti ṣóńṣó ìyẹ́ kan dé èkejì. Bí ọ̀tá bá jìnnà, ìfàsẹ́yìn a pọ̀ sí i, nítorí pé ọta ìbọn yóò pẹ́ kí ó tó débẹ̀.

Farnborough ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe èyí àkọ́kọ́ ní 1941. Ní 1943, Ferranti kọ́ ilé iṣẹ́ tuntun sí Edinburgh nítorí rẹ̀. Ìròyìn kan ní 1944 sọ pé nínú ìjà 130 tí àwọn ọkọ̀ Spitfire fi awò àtijọ́ jà, 34 ni wọ́n ti já ọ̀tá lulẹ̀. Nínú ìjà 38 tí wọ́n fi awò olókòtó jà, 19 ni. Àwọn ará Soviet ṣe àwòkọ rẹ̀, irú rẹ̀ sì wà nínú MiG-15 àti MiG-17.

Bẹ́ẹ̀ ni òkòtó náà ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, MiG-17 gúnlẹ̀ sí Kánò fún ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà. Biafra kò ní ọkọ̀ tí ó lè bá wọn figagbága lófurufú, nítorí náà ilẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń yìnbọn sí. Fún ohun tí kò kúrò lójú kan, àǹfààní òkòtó kò tó nǹkan. Awakọ̀ lè dè é mọ́lẹ̀, kí awò náà sì padà di ti àtijọ́.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 1969, MiG-17 kan rí ohun tí ń fò. DC-7 ẹgbẹ́ Red Cross ni, tí ó ń gbé ìrànwọ́ lọ sí Biafra: ọkọ̀ ńlá tí ìyẹ́ rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 36, tí kò sì yára tó MiG rárá. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìméfò, ìbáà ṣe pẹ̀lú òkòtó tàbí láìsí i. Ìdíwọ̀n ara awò ń béèrè ìbú ìyẹ́. Kò sí èyí tí ń béèrè ẹrù tí ọkọ̀ rù. Ọkọ̀ náà já lulẹ̀ nítòsí Ẹ̀kẹ́tì, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó wà nínú rẹ̀ sì kú. Red Cross dá gbígbé oúnjẹ lọ sí Biafra dúró lẹ́yìn náà. Àwọn ẹgbẹ́ ìjọ Kírísítẹ́nì ni ó ń fi òru gbé e títí ogun fi parí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970.