Pardis Sabeti: Ọ̀jọ̀gbọ́n Tó Ń Fi Kọ̀ǹpútà Ka Ìtàn Inú Ẹ̀jẹ̀

Pardis Sabeti jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Harvard àti ní Broad Institute, nílùú Cambridge ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Jínómù ọmọ ènìyàn, ìyẹn gbogbo DNA tó wà lára ẹnì kan, ni pápá ìwádìí rẹ̀. Kọ̀ǹpútà àti ìṣirò ni irinṣẹ́ rẹ̀. Ohun tó ń wá níbẹ̀ ni àmì tí àrùn, oúnjẹ àti ojú ọjọ́ fi sára àwọn tó ti kú tipẹ́, tí àwọn ọmọ ọmọ wọn ṣì ń gbé kiri. Ó tún gbajúmọ̀ fún iṣẹ́ lórí fáírọ́ọ̀sì Ebola àti Lassa. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá ti wà lára ohun tó fi ṣiṣẹ́, àbájáde rẹ̀ kan tó lókìkí gan-an sì jẹ́ nípa àwọn ará Ìbàdàn. Ó yẹ ká mọ̀ ọ́n nílé ju bí a ṣe mọ̀ ọ́n yìí lọ.

Ìlú Tehran ní Iran ni wọ́n ti bí i, lọ́jọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 1975. Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn ọ̀gá àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba Ṣáà, ìyẹn ọba Iran. Nígbà tí ìlú dàrú lọ́dún 1978, ìdílé náà forí lé Amẹ́ríkà kí ìjọba ọ̀hún tó wó. Ọmọ ọdún méjì ni Pardis nígbà náà. Florida ló dàgbà sí. Ó gboyè nínú ìmọ̀ ẹ̀dá oníyè ní MIT lọ́dún 1997, ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ Rhodes gbé e dé Oxford, ó di ọ̀mọ̀wé níbẹ̀, ó sì parí ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Harvard lọ́dún 2006 pẹ̀lú èsì tó ga jù lọ. Obìnrin kẹta ni nílé ìwé ìṣègùn náà tí irú èsì bẹ́ẹ̀ yóò tẹ̀ lọ́wọ́. Ó tún jẹ́ akọrin nínú ẹgbẹ́ orin rọ́ọ̀kì tó ń jẹ́ Thousand Days.

Kí ohun tó sọ ọ́ di olókìkí tó lè yé wa, ó yẹ ká mọ bí DNA ṣe ń kúrò lọ́wọ́ òbí dé ọwọ́ ọmọ. Nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́ta lẹ́tà ló tò tẹ̀léra nínú jínómù. Kò sí ọmọ tó gba okùn DNA náà gẹ́lẹ́ bí òbí rẹ̀ ṣe gbà á: kí àtọ̀ tàbí ẹyin tó dá, okùn tí òbí gbà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ àti èyí tó gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ á ti gé apá kan fún ara wọn. Bí ìran ṣe ń tẹ̀lé ìran, àwọn lẹ́tà tó ti jọ wà pọ̀ tẹ́lẹ̀ á máa pínyà. Ẹ wo ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ọkọ: àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó ṣì pagbo yí i ká. Èyí tó ti pẹ́ nílé ọkọ, gbogbo wọn ti gba ilé wọn lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìyípadà inú DNA ṣe rí. Tí kò bá ṣe ẹni tó ní i láǹfààní kankan, ó máa ń pẹ́ gan-an kó tó tàn ká ìlú, nígbà tó bá sì fi tàn ká, àwọn lẹ́tà àdúgbò rẹ̀ ti tú ká. Ṣùgbọ́n tí a bá rí ìyípadà kan tó ti wọ́pọ̀ láàárín àwọn ènìyàn, tí àdúgbò rẹ̀ ṣì wà lódindi lọ́tùn-ún lósì, a jẹ́ pé wàràwàrà ló tàn. Nǹkan kan ló tì í: àwọn tó ní i ń yè, wọ́n sì ń bímọ ju àwọn tí kò ní i lọ.

Sabeti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ èrò yìí di ìṣirò tí kọ̀ǹpútà lè ṣe, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn Nature lóṣù Kẹwàá ọdún 2002. Ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá, àwọn Bìní àti àwọn Shona ti Zimbabwe wà lára ohun tí wọ́n fi dán an wò. Jíìnì méjì ni wọ́n yẹ̀ wò, G6PD sì ni ọ̀kan. Àwọn ìyá ọlọ́mọ tuntun nílẹ̀ wa mọ G6PD lọ́nà tiwọn: òun ló fà á tí nọ́ọ̀sì fi ń kìlọ̀ pé kí wọ́n má fi káńfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ, torí pé ọmọ tí G6PD rẹ̀ kò pé, sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa fọ́, kí ibà pọ́njú sì mú un. Àléébù yìí kan náà ló ń gba ènìyàn lọ́wọ́ ibà ẹ̀fọn. Ìṣirò náà fojú bù ú pé nǹkan bí 2,500 ọdún péré ni ìyípadà náà ti wà, èyí tí kò tó nǹkan nínú ìtàn ọmọ ènìyàn. Lójú tèmi, ibi tí ọgbọ́n yìí ti dára jù ni pé kò béèrè iṣẹ́ tí jíìnì ń ṣe kó tó yẹ̀ ẹ́ wò. Gígùn okùn tó wà lódindi nìkan ló ń wọ̀n. Ẹni bá ní in lọ́wọ́ lè gba gbogbo jínómù kọjá, kó sì jẹ́ kí jínómù fúnra rẹ̀ sọ ibi tó yẹ ní wíwò.

Ohun tó kù ni DNA tó pọ̀ tó láti fi ṣe é. Ètò HapMap, tí àwọn onímọ̀ láti Amẹ́ríkà, Kánádà, Bírítéènì, Ṣáínà, Jàpáànù àti Nàìjíríà jọ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2002, ló pèsè rẹ̀. Àwọn 270 ènìyàn láti Ìbàdàn, Utah, Beijing àti Tokyo ni DNA wọn wà nínú rẹ̀. Ti Ìbàdàn jẹ́ 90, ìdílé 30: bàbá, ìyá, àti ọmọ wọn kan tó ti dàgbà. Ẹni tó bá fẹ́ kópa, bàbá àgbà àti ìyá àgbà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ jẹ́ Yorùbá. Charles Rotimi, ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Howard nígbà náà, àti Clement Adebamowo ti Yunifásítì Ìbàdàn wà lára àwọn tó lọ bá ará àdúgbò jókòó sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹnikẹ́ni. Wọn ò kọ orúkọ ẹnì kankan sí i. Sẹ́ẹ̀lì wọn wà ní Coriell Institute ní New Jersey, tí àwọn onímọ̀ káàkiri àgbáyé ti ń rà á fún ìwádìí, lẹ́tà mẹ́ta ni wọ́n sì fi ń pè wọ́n: YRI. Àwọn tó ṣètò HapMap sọ ọ́ ní gbangba pé Yorùbá Ìbàdàn ni kí wọ́n máa pè wọ́n, kì í ṣe ọmọ Áfíríkà lásán, torí pé 90 ènìyàn láti ìlú kan kò lè dúró fún gbogbo ilẹ̀ adúláwọ̀. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ni kò ka ìkìlọ̀ yìí sí.

Lọ́dún 2007, Sabeti àti ẹgbẹ́ ńlá kan da ìṣirò wọn bo àwọn ibi tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta tí HapMap ti kà nínú jínómù. Ibi tó lé ní 300 ló fi àmì ìtànká kíákíá hàn. Ohun tó jọni lójú ni pé àwọn kan lára wọn jáde ní méjì-méjì, tí jíìnì méjèèjì sì jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Lára àwọn ará Yúróòpù, SLC24A5 àti SLC45A2 ni, tó ń sọ àwọ̀ ara di funfun. Lára àwọn ará Éṣíà, EDAR àti EDA2R ni, tó jẹ mọ́ irun. Nígbà tó yá, lọ́dún 2013, wọ́n fi ìyípadà EDAR náà sínú eku yàrá àyẹ̀wò, irun eku ọ̀hún ki sí i, ibi tí òógùn ń gbà jáde lára rẹ̀ sì pọ̀ sí i.

Lára àwọn ará Ìbàdàn, LARGE àti DMD ni. Iṣẹ́ LARGE ni kó máa so irú ṣúgà kan mọ́ purotéènì dystroglycan tó wà lójú sẹ́ẹ̀lì. DMD ló ń ṣe purotéènì tó di dystroglycan náà mú láti inú. Àwọn onímọ̀ sì ti mọ̀ láti ọdún 1998 pé ara dystroglycan yìí gan-an ni fáírọ́ọ̀sì Lassa ń rọ̀ mọ́ kó tó wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Láìsí iṣẹ́ LARGE lórí rẹ̀, kò ní rọ̀ mọ́ ọn dáadáa. Ọdún 1969 ni wọ́n ṣàwárí àrùn náà ní abúlé Lassa ní Borno. Irú eku kan tó ní ọmú púpọ̀, tó ń wọ ilé ènìyàn, ló ń gbé e kiri, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ lórí oúnjẹ ló sì sábà máa ń kó o ranni. Lóde òní, Ọ̀wọ̀ àti agbègbè rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó wà lára ibi tó ti ń jà jù lọ. Ṣé Lassa ló wá pa àwọn babańlá kan tó sì dá àwọn mìíràn sí, tí jíìnì wọn fi tàn báyìí? Ìwé ọdún 2007 náà kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìbéèrè ló fi sílẹ̀.

Ìṣirò nìkan kò lè dáhùn rẹ̀. Ó di dandan kí ẹnì kan bá àwọn tí Lassa mú àti àwọn tí kò mú pàdé, kó sì gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn méjèèjì. Ohun tó gbé Sabeti dé ilé ìwòsàn ìkọ́ni Irrua ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó nìyẹn, láàárín àwọn Esan, àti Kenema ní Sierra Leone. Christian Happi ni alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ pàtàkì ní Nàìjíríà, ọmọ Kamẹrúùnù tó kàwé ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí òun náà ti ṣiṣẹ́ ní Harvard rí. Pẹ̀lú owó Báǹkì Àgbáyé àti àtìlẹ́yìn Sabeti, Happi dá ilé ìwádìí jínómù àrùn, ACEGID, sílẹ̀ ní Redeemer's University tó wà ní Ẹdẹ báyìí. Nínú gbogbo iṣẹ́ Sabeti, èyí ni mo kà sí jù lọ. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ló ń wọ bàálù lọ sí òkè òkun, àwọn mìíràn níbẹ̀ ni yóò sì kà á. Ní Ẹdẹ, ọ̀dọ́ onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè Áfíríkà lóríṣiríṣi ló ń kọ́ bí a ṣe ń ka jínómù fáírọ́ọ̀sì, orí kọ̀ǹpútà tiwọn ni wọ́n sì ti ń ṣe ìṣirò rẹ̀.

Àǹfààní rẹ̀ hàn láìpẹ́. Nígbà tí arìnrìn-àjò kan gbé Ebola wọ Èkó lóṣù Keje ọdún 2014, ilé ìwádìí Happi wà lára àwọn tó tètè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Ebola ni; 20 ènìyàn ló mú ní Nàìjíríà, 8 kú, ó sì kásẹ̀ nílẹ̀ lóṣù Kẹwàá. Ní Kenema, ọ̀rọ̀ náà burú jáì. Sabeti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka jínómù fáírọ́ọ̀sì 99 láti ara aláìsàn 78, wọ́n sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé kí wọ́n tó kọ ìwé kankan lé e lórí. Ó hàn nínú rẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àrùn náà ti ara ẹranko bọ́ sára ènìyàn. Láti ìgbà náà, ènìyàn ló ń kó o ran ènìyàn. Nígbà tí ìwé náà jáde nínú Science lóṣù Kẹjọ, márùn-ún nínú àwọn tó kọ ọ́ ni Ebola ti pa: Sheik Humarr Khan, dókítà tó jẹ́ olórí ìtọ́jú Lassa ní Kenema, Mbalu Fonnie, Alex Moigboi, Alice Kovoma àti Mohamed Fullah. Ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ ìtàn Sabeti máa dárúkọ wọn.

Ìwé ìròyìn Time fi Sabeti kún àwọn tó gbógun ti Ebola, tó yàn ní Ẹni Ọdún 2014. Lóṣù Keje ọdún 2015, ọkọ̀ tó gbé e nílé àpérò kan ní Montana já sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè: egungun ìbàdí àti orúnkún rẹ̀ fọ́, ó sì farapa ní ọpọlọ. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Lóṣù Kẹta ọdún 2020, ilé ìwádìí Ẹdẹ ló ka jínómù fáírọ́ọ̀sì kòrónà àkọ́kọ́ ní Áfíríkà, láti ara ọkùnrin ará Ítálì kan tó gba Èkó wọ Ìpínlẹ̀ Ògùn. Lọ́dún yẹn kan náà ni Sabeti àti Happi bẹ̀rẹ̀ ètò SENTINEL, tó ń ṣọ́ àjàkálẹ̀ àrùn kó tó ràn.

Ọdún 2024 ni ìdáhùn sí ìbéèrè Lassa jáde, nínú Nature Microbiology. Ọdún méje ni wọ́n fi gba ẹ̀jẹ̀ lára 533 ènìyàn tí Lassa mú àti 1,986 mìíràn ní Nàìjíríà àti Sierra Leone. Wọ́n rí ibi méjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíìnì GRM7 àti LIF, tó ní í ṣe pẹ̀lú ikú lára àwọn aláìsàn Nàìjíríà. Wọ́n sì rí i pé àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ní okùn LARGE tó tàn kíákíá náà, Lassa kì í tètè mú wọn. Ní Sierra Leone, kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwádìí kan tí ẹgbẹ́ Sabeti tẹ̀ jáde lọ́dún 2015 ti fi hàn pé fáírọ́ọ̀sì Lassa ti wà ní agbègbè Nàìjíríà fún nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún, tí kò sì ju nǹkan bí 400 ọdún lọ tó fi gba ìhà ìwọ̀ oòrùn lọ sí àwọn orílẹ̀-èdè tó kù. Mo fura pé ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ náà ti wá, pé àrùn náà kò tíì pẹ́ tó lọ́hùn-ún láti fi irú àmì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀; ṣùgbọ́n ìfura lásán ni.