Ìtàn Ẹgbẹ́ Àwọn Olùdìbò ní Ìpínlẹ̀ Florida, àti Iṣẹ́ Tíṣà Harry T. Moore

Ìtàn tí a mú wá síwájú yín ní ìrọ̀lẹ́ òní kì í ṣe ìtàn ọba, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti jagunjagun. Ìtàn tíṣà ìlú kékeré kan ni, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń lọ láti ìletò dé ìletò ní ìpínlẹ̀ Florida, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń rọ àwọn ènìyàn dúdú kí wọ́n lọ fi orúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Ó lè dàbí ohun kékeré létí ẹni tí kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá. Nítorí náà, a ó kọ́kọ́ sọ ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Ogun abẹ́lé ilẹ̀ Amẹ́ríkà parí ní 1865, a sì tú àwọn ẹrú sílẹ̀. Ní 1870 a fi Àtúnṣe Kẹẹ̀ẹ́dógún kún ìwé òfin ilẹ̀ náà, èyí tí ó wí pé a kò gbọdọ̀ tìtorí àwọ̀ ara fi ìbò du ẹnikẹ́ni. Òfin yìí dára púpọ̀ lórí ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí agbára padà bọ́ sọ́wọ́ àwọn aláwọ̀ funfun ìhà gúúsù, wọ́n wá ọgbọ́n tí wọn ó fi sọ ọ́ di asán. Ní 1889 Florida gbé owó-orí ìbò kalẹ̀: ẹni tí kò bá san án, kò gbọdọ̀ dìbò. Ọgbọ́n kejì tilẹ̀ jinlẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo, ẹgbẹ́ Democrat, ni ó ń ṣe àkóso gbogbo ìhà gúúsù ní ìgbà náà. Ẹni tí ẹgbẹ́ náà bá fà kalẹ̀ ni yóò wọlé, kò sí àníàní. Ìbò tí wọ́n fi ń yan ẹni tí wọn ó fà kalẹ̀ ni ó jẹ́ ìbò gidi, wọ́n sì fi í ṣe òfin ẹgbẹ́ pé aláwọ̀ funfun nìkan ni yóò bá wọn dì í. Bí ènìyàn dúdú bá fẹ́, kí ó wá dìbò ní oṣù kọkànlá, nígbà tí a ti pín ẹran tán tí ó ku egungun.

Ọ̀nà kẹta kì í ṣe ọgbọ́n rárá, ìpayà ni. Ní ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá ọdún 1920, ní ìlú Ocoee, ọkùnrin dúdú kan tí a ń pè ní Mose Norman lọ láti dìbò, a sì lé e padà. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ọ̀pọ̀ jàǹdùkú kọlu ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀, July Perry. Wọ́n mú Perry, wọ́n so ó rọ̀. Wọ́n sun ilé àwọn ènìyàn dúdú, wọn kò sì dá ilé Ọlọ́run sí. Àwọn tí ikú kò pa sá kúrò ní ìlú náà, wọ́n fi ilé àti oko ọsàn wọn sílẹ̀. Gbogbo ọmọ dúdú tí ó dàgbà ní Florida lẹ́yìn náà ni ó gbọ́ ìtàn Ocoee.

Harry Tyson Moore jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nígbà tí èyí ṣẹlẹ̀. A bí i ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1905, ní ìletò Houston ní ìhà àríwá Florida. Baba rẹ̀ ń tọ́jú omi fún ọkọ̀ ojú irin, ó sì ń tajà díẹ̀díẹ̀. Ó kú nígbà tí ọmọ náà kò tí ì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ìyá rẹ̀ fi í ránṣẹ́ sọ́dọ̀ àwọn arábìnrin ìdílé ní ìlú Jacksonville, níbi tí ó ti rí i pé ènìyàn dúdú lè jẹ́ ẹni tí ó mọ̀wé, tí ó sì ní iyì. Ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ Florida Memorial ní 1925, ó sì lọ ṣe tíṣà ní Cocoa, ní etí òkun ìlà-oòrùn. Níbẹ̀ ni ó ti pàdé Harriette Simms, tí òun náà di tíṣà. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ọjọ́ Kérésìmesì 1926. Kí ẹ fi ọjọ́ náà sọ́kàn, nítorí a ó padà bá a.

Ẹni jẹ́jẹ́ ni Moore. Kì í ṣe ẹni tí ń fi ohùn rẹ̀ mi ilé; ìwé kíkọ ni ohun ìjà rẹ̀. Ó di ọ̀gá ilé-ìwé àwọn ọmọ dúdú ní Titusville, lẹ́yìn náà ní Mims, níbi tí òun àti aya rẹ̀ àti àwọn ọmọbìnrin wọn méjì ń gbé nínú ilé pákó láàrin oko ọsàn. Ní 1934 ó dá ẹ̀ka NAACP sílẹ̀ ní àgbègbè Brevard. Ẹgbẹ́ ńlá tí a dá sílẹ̀ ní 1909 láti gbèjà ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn dúdú ni NAACP. Ní òpin àwọn ọdún 1930 ni ọ̀rọ̀ owó-oṣù dé. Tíṣà dúdú ń gba nǹkan bí ìdajì ohun tí tíṣà funfun ń gbà fún iṣẹ́ kan náà. Moore wá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, John Gilbert, tí ó gbà kí a fi orúkọ òun pe ẹjọ́, lọ́yà tí ó sì wá ràn wọ́n lọ́wọ́ ni Thurgood Marshall, ẹni tí ó di adájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní 1967. Wọ́n pàdánù ẹjọ́ náà, Gilbert sì pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀ ẹjọ́ náà ṣí ọ̀nà, nítorí àwọn tíṣà ní àgbègbè mìíràn tẹ̀ lé e, àwọn kan nínú wọn sì jàre.

Nígbà tí ó di 1941 a kó gbogbo ẹ̀ka NAACP tí ó wà ní Florida jọ sábẹ́ ìgbìmọ̀ kan, Moore sì di olórí wọn. Láti ìgbà náà lọ ni ó ti ń wa ọkọ̀ rẹ̀ kiri gbogbo ìpínlẹ̀ náà lẹ́yìn iṣẹ́ ilé-ìwé àti ní òpin ọ̀sẹ̀. Ẹ rántí pé ìlú tí ó ń gbà kọjá kò ní ilé oúnjẹ tàbí ilé ìtura tí yóò gba ènìyàn dúdú. Níbikíbi tí a bá ti pa ènìyàn dúdú láìsí ìdájọ́, òun ni yóò lọ, yóò gba ẹ̀rí lẹ́nu àwọn ará ilé, yóò sì kọ̀wé sí gómìnà. Ṣùgbọ́n ìdáhùn tí ó ń rí gbà kò tó nǹkan. Ó wá yé e pé gómìnà kò ní ìdí tí yóò fi bẹ̀rù ìwé ẹni tí kò lè dìbò fún un, tí kò sì lè dìbò takò ó.

Florida ti fagi lé owó-orí ìbò ní 1937. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin 1944, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ kan tí ó ti Texas wá, ó sì pàṣẹ pé ẹgbẹ́ òṣèlú kò gbọdọ̀ ti ènìyàn dúdú sẹ́yìn nínú ìbò àkọ́kọ́ mọ́. Ilẹ̀kùn náà ṣí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà á wọlé? Ní ọdún yẹn kan náà Moore àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá Progressive Voters' League sílẹ̀, èyí tí a lè pè ní Ẹgbẹ́ Àwọn Olùdìbò Onítẹ̀síwájú. Ìdí tí wọn kò fi ṣe iṣẹ́ náà ní orúkọ NAACP ni pé a kò gbà fún NAACP láti ti olùdíje kankan lẹ́yìn. Ẹgbẹ́ tuntun yìí lè bá olùdíje sọ̀rọ̀, kí ó béèrè ohun tí yóò ṣe nípa ilé-ìwé, nípa owó-oṣù, nípa ọlọ́pàá tí ń lu ènìyàn, kí ó sì sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ẹni tí ó yẹ kí wọ́n dìbò fún.

Iṣẹ́ wọn kò ní ariwo nínú. Moore a máa jókòó ní òru sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀, a máa kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sí gbogbo àgbègbè, ìdílé rẹ̀ a sì máa bá a ṣe é. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ ní ilé ìjọsìn àti ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́. Ohun tí ó ṣòro jù láti sọ fún àwọn àgbàlagbà ni pé kí wọ́n fi orúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ Democrat. Láti ayé Abraham Lincoln ni àwọn baba wọn ti wà nínú ẹgbẹ́ Republican, ẹgbẹ́ tí ó tú wọn sílẹ̀. Democrat ni ẹgbẹ́ àwọn tí ó ń so ènìyàn rọ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó ti gbìyànjú láti yí bàbá àgbà kan lọ́kàn padà kúrò nínú ìjọ tí a ti bí i yóò mọ irú iṣẹ́ tí èyí jẹ́. Èsì Moore kò lọ́jú pọ̀: inú ilé yẹn ni a ti ń pín agbára, kò sì sí ẹni tí ó lè gba ìpín láti ojúde. Àwa rò pé ó jàre. Ní 1945 Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Florida fúnra rẹ̀ sọ pé a kò gbọdọ̀ kọ orúkọ ènìyàn dúdú tí ó bá fẹ́ wọ inú ìwé àwọn Democrat.

Láàrin ọdún mẹ́fà, orúkọ ènìyàn dúdú tí ó lé ní 100,000 wọ inú ìwé àwọn olùdìbò Florida. Ní 1950, nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn dúdú tí ó tó ìbò dì, mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti forúkọ sílẹ̀. Kò sí ìpínlẹ̀ mìíràn ní ìhà gúúsù tí ó súnmọ́ ọn.

Wọ́n san owó rẹ̀. Ní 1946 ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ àgbègbè náà lé Harry àti Harriette kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn ogún ọdún ó lé. Lẹ́yìn náà NAACP gbà á síṣẹ́ olówó-oṣù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó náà kò tó, tí kì í sì í dé lásìkò. Nígbà tí ó di 1948 àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní Florida ti lé ní 10,000, ní ẹ̀ka mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Nígbà náà ni olú-iṣẹ́ ní New York sọ owó ẹgbẹ́ ọdọọdún di dọ́là méjì dípò ẹyọ kan. Fún lọ́yà ní New York, kí ni dọ́là kan? Ṣùgbọ́n fún ẹni tí ń ká ọsàn fún olóko, ohun kékeré kọ́. Iye ọmọ ẹgbẹ́ já wálẹ̀ dé nǹkan bí 3,000, àwọn aláṣẹ sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru Moore. Wọ́n tún wí pé iṣẹ́ ìbò gbà á lọ́kàn jù. Ní oṣù kọkànlá 1951, níbi ìpàdé ọdún ní Daytona Beach, wọ́n gba ipò rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dùn wá láti kọ èyí, nítorí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, kì í ṣe àwọn ọ̀tá.

Àwọn ọ̀tá kò sùn. Ní oṣù keje 1949, ní Groveland, a fi ẹ̀sùn kan ọ̀dọ́mọkùnrin dúdú mẹ́rin pé wọ́n fi ipá bá obìnrin funfun kan lò. Àwọn tí ń lé Ernest Thomas yìnbọn pa á. Charles Greenlee, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, gba ẹ̀wọ̀n gbére. A dá ẹjọ́ ikú fún Samuel Shepherd àti Walter Irvin. Moore kọ̀wé lórí ọ̀ràn yìí láìsinmi, ó sì ń kó owó jọ fún lọ́yà. Ní oṣù kẹrin 1951 Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fagi lé ìdájọ́ àwọn méjèèjì tí a dá ẹjọ́ ikú fún. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹfà oṣù kọkànlá, nígbà tí Willis McCall, ọ̀gá ọlọ́pàá àgbègbè náà, ń kó wọn padà wá fún ìgbẹ́jọ́ tuntun, ó yìnbọn lu àwọn méjèèjì, ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sì wà lọ́wọ́ wọn. Ó ní wọ́n fẹ́ sá. Shepherd kú, Irvin yè, ó sì sọ pé àwọn kò sá. Moore béèrè pé kí gómìnà dá McCall dúró, kí a sì fi í sẹ́jọ́.

Ọ̀sẹ̀ bí i méje lẹ́yìn náà ni Kérésìmesì, ọjọ́ tí ìgbéyàwó wọn pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Wọ́n lọ jẹun ní ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí, wọ́n padà sílé, wọ́n sì sùn. Nígbà tí aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀, bọ́ǹbù tí a fi sábẹ́ ilé, ní ìsàlẹ̀ iyàrá wọn gan-an, bú gbàmù. Ìyá Moore àti ọmọbìnrin àgbà wà nínú ilé, wọ́n sì yè. A gbé Harry sínú ọkọ̀, a forí lé ìlú Sanford, tí ó jìnnà tó nǹkan bí ọgbọ̀n máìlì, kí a lè rí ilé ìwòsàn tí yóò gbà á. Ó kú lójú ọ̀nà. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni. Evangeline, ọmọbìnrin kékeré, wọ ọkọ̀ ojú irin láti Washington, ó ń bọ̀ wá bá wọn ṣe ọdún. Nígbà tí ó sọ̀kalẹ̀ ní Titusville, ó wá ojú baba rẹ̀ láàrin àwọn tí ó wá pàdé rẹ̀, kò rí i. Harriette kú ní ọjọ́ kẹta oṣù kìíní 1952, lẹ́yìn tí a ti sin ọkọ rẹ̀ ní ọjọ́ ọdún tuntun.

A kò fi ẹnikẹ́ni sẹ́jọ́ fún ikú wọn. Ìwádìí FBI tọ ipa rẹ̀ dé àárín àwọn Ku Klux Klan, ó sì dúró síbẹ̀. Ní 2006, ọ̀gá àgbà ètò ìdájọ́ Florida kéde orúkọ ọkùnrin mẹ́rin, ọmọ ẹgbẹ́ Klan, tí ìwádìí fi hàn pé wọ́n lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Gbogbo wọn ni ó ti kú. Ní 2019 ìpínlẹ̀ náà dárí ji àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Groveland mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àti ní oṣù kọkànlá 2021 adájọ́ kan pa ẹ̀sùn náà rẹ́ pátápátá, kò sì sí ọ̀kankan nínú wọn láyé mọ́ láti gbọ́ ọ.

Progressive Voters' League kò tún rí olórí bí Moore mọ́, agbára rẹ̀ sì rọ. Ṣùgbọ́n ìwé àwọn olùdìbò wà ní ọ́fíìsì ìjọba ní àgbègbè kọ̀ọ̀kan, orúkọ àwọn ènìyàn náà sì wà nínú rẹ̀. Ní Mims, ibi tí ilé pákó náà ti wà láàrin àwọn igi ọsàn, ni a kọ́ ilé ìrántí kan tí a ṣí ní 2004, tí a fi orúkọ Harry àti Harriette pè.