Bí Àlìkámà Ṣe Wọ Bùkà Jíbówú

Jíbówú, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òpópónà Ìkòròdú nítòsí Yábà àti Fádèyí, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí ibùdókọ̀ àwọn bọ́ọ̀sì ńlá tí ń lọ sí Bìní, Onitsha àti Àbújá, ibi tí ibùdókọ̀ bá sì wà, bùkà kì í jìnnà síbẹ̀, nítorí ebi kì í dúró de ọkọ̀ tí kò tíì kún. Ìtàn oúnjẹ tí wọ́n ń tà níbẹ̀ wúlò púpọ̀ fún irú oníbàárà kan tí a kì í sábà rántí, èyíinì ni ẹni tó ní àrùn celiac.

Àrùn yìí yàtọ̀ sí kí oúnjẹ má kàn bá ènìyàn lára mu. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn ọmọ ogun ara, tó yẹ kí wọ́n máa lé àìsàn sẹ́yìn, máa ń kọjú ìjà sí ìfun kékeré, wọn a sì máa bà á jẹ́, nígbàkúùgbà tí aláìsàn bá jẹ gluten, ìyẹn èròjà inú àlìkámà tí ń mú kí ìyẹ̀fun pípò máa fà bí rọ́bà, tí irú rẹ̀ sì wà nínú ọkà bálì. Samuel Gee ṣàpèjúwe àrùn náà ní London ní 1888, ṣùgbọ́n Willem Dicke, oníṣègùn ọmọdé ará Netherlands, ló fi hàn, nínú iṣẹ́ tó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1950, pé àlìkámà ló ń dá a sílẹ̀. Kò tíì sí oògùn rẹ̀ ju pé kí aláìsàn yẹra fún gluten títí ayé. Àwọn tó ń pè é ní àrùn òyìnbó kò rò ó jinlẹ̀, nítorí ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 1999 rí i lára àwọn ọmọ Sahrawi, ní apá ìwọ̀ oòrùn aṣálẹ̀ Sàhárà, ju 5 lọ nínú ọgọ́rùn-ún.

Oúnjẹ tó ti pẹ́ jù nínú bùkà kò ní gluten rárá: iyán, àmàlà, ẹ̀bà, ẹ̀kọ, ẹ̀wà àti ìrẹsì ti ara iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo, erèé àti ìrẹsì wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo fúnra wọn jẹ́ àlejò láti Amẹ́ríkà. Àlìkámà kì í ṣe ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ Yorùbá, ọkọ̀ òkun ló sì gbé e wọ Èkó. Àwọn Àgùdà tó padà láti Brazil ní ọ̀rúndún 19 wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sọ búrẹ́dì di oúnjẹ ìlú, ṣùgbọ́n Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tó dé ní 1913 láti ṣiṣẹ́ akọ̀wé rélùwéè, ló sọ ọ́ di òwò ńlá. Ní 1962, ilé-iṣẹ́ Flour Mills of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í lọ àlìkámà ní Àpápá, ọdún yẹn náà sì ni Gala, ìpápánu oníyẹ̀fun tí ẹran wà nínú rẹ̀, jáde, èyí tí àwọn ọmọ ń sáré tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ títí di òní. Ọlọ ńlá Àpápá ló pa ìtàn bùkà dà, nítorí ìyẹ̀fun di ohun tó pọ̀ káàkiri, pọ́fùpọ́fù àti bọ́ọ̀nsì kún ojú pópó, àlìkámà sì di òkèlè, tí à ń pè ní sẹ́mò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀bà. Ìjọba fòfin de àlìkámà òkèèrè ní 1987, kò sì gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà títí di 1992, síbẹ̀ ẹnu tó ti mọ búrẹ́dì kò gbàgbé rẹ̀. Òfin tó de ọkà bálì ní 1988 sọ àwọn apọntí di ẹni tó ń lo ọkà bàbà, ṣùgbọ́n kí aláìsàn má tìtorí ìyẹn mu bíà tàbí mọ́ọ̀tì láìka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò.

Nítorí náà, ewu tó wà ní Jíbówú kò sí nínú orúkọ oúnjẹ tó bí ó ti wà nínú ohun èlò. Omorogùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ro sẹ́mò lè wọ ìkòkò àmàlà láìfọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni èròjà amọ́bẹ̀dùn kan lè ní ìyẹ̀fun àlìkámà nínú láìsí pé alásè mọ̀. NAFDAC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1993, lè béèrè pé kí a kọ èròjà sára páálí, ṣùgbọ́n ìkòkò ọbẹ̀ kò ní páálí. Bí aláìsàn bá bi olóúnjẹ bóyá gluten wà nínú oúnjẹ rẹ̀, ìbéèrè náà kò lè yé e. Èyí tó lè dáhùn ni: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé omorogùn tí ẹ fi ro sẹ́mò lẹ fi ro èyí?”

Ẹ̀kọ tí wọ́n pọ́n sínú ewé kí ó tó dé ọjà ni ó fini lọ́kàn balẹ̀ jù, nítorí omorogùn bùkà kò kàn án, lẹ́yìn rẹ̀ ni bọ̀ọ̀lì àti iṣu sísè. Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́wé lè bá wọn kẹ́gbẹ́ bí a bá mọ ohun amọ́bẹ̀dùn tí wọ́n fi sí i. Àkàrà kò sí lára wọn níbi tí wọ́n bá ti ń fi epo kan náà dín pọ́fùpọ́fù.